Àtùpà Tó Ń Pe Oníbàárà Ló Ń Pe Olè

Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́jà alẹ́, ìbáà jẹ́ ní Akẹ́sán l'Ọ̀yọ́ tàbí ní ìkòríta àdúgbò yín, kò lè ṣe kó má tan àtùpà. Bí kò bá tàn án, oníbàárà á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á lọ bá ẹni tó tan tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti tàn án tán, kì í ṣe oníbàárà nìkan ló rí i. Àwọn ọmọ ìta tó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri náà rí igbá owó, wọ́n rí ìgbà tó ń ṣẹ́ ṣéńjì, wọ́n sì rí i pé òun nìkan ló jókòó. Ó lè fa òwú àtùpà sókè, ó lè fà á wálẹ̀. Kò lè ní kí ó ràn fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ̀kọ, kí ó má ràn fún ẹni tó fẹ́ jí owó ẹ̀kọ.

Aláǹtakùn kan wà tí ọ̀ràn rẹ̀ rí báyìí gan-an. Ẹni tó bá máa ń gba inú koríko lọ sóko láàárọ̀ á ti fojú kàn án rí. Mi ò sọ̀rọ̀ aláǹtakùn inú ilé tó ń ta òwú eléruku sí kọ̀rọ̀ àjà o. Èyí máa ń ta àwọ̀n roboto sáàárín koríko, á dorí kodò sí àárín gbùngbùn rẹ̀, á sì to ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ ní méjì méjì débi pé ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè á rò pé ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ló ní. Ikùn rẹ̀ ní ilà dúdú àti pupa rúsúrúsú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa kọ́kọ́ wọ ojú yín kì í ṣe aláǹtakùn fúnra rẹ̀. Òwú funfun nínípọn kan ni, tó lọ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọ̀n náà, nígbà mìíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà mìíràn ní ọ̀nà mẹ́rin tó kọjú sí igun mẹ́rin. Òwú yìí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan. Kò mú eṣinṣin, kò mú tata. Gbogbo ohun tó kàn ń ṣe ni pé ó hàn.

Argiope ni àwọn onímọ̀ ń pe ìran aláǹtakùn yìí, ó sì wà káàkiri ilẹ̀ olóoru ayé. Èyí tó ń jẹ́ Argiope flavipalpis wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Janet Edmunds àti Malcolm Edmunds fara balẹ̀ wo òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gánà, wọ́n sì gbé ìwé jáde ní 1986 lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá.

Kí ni òwú funfun yẹn wà fún? Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ti gbó. Ní 1983, Thomas Eisner àti Stephen Nowicki, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, mú àwọ̀n tí aláǹtakùn kò sí nínú rẹ̀, wọ́n gé bébà funfun sí irú àwòrán òwú yẹn, wọ́n fi sára àwọn kan, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri láàárọ̀, àwọn àwọ̀n tí kò ní àmì fà ya lọ́pọ̀ yanturu, àwọn tó ní àmì sì dúró pẹ́ jù wọ́n lọ. Ẹyẹ rí àmì, ó yà bàrá. Àlàyé yìí dùn létí, ó sì rọrùn láti gbà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Todd Blackledge àti John Wenzel wá fi hàn ní 1999 pé àwọ̀n tó ní òwú funfun ń pàdánù nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ẹran tó yẹ kó mú. Ní 2001, àwọn méjèèjì tún fi hàn pé agbọ́n tó ń fi amọ̀ mọlé, tó sì ń ṣọdẹ aláǹtakùn fún àwọn ọmọ rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí Argiope mú nínú àwọ̀n tó ní òwú funfun. Lójú tiwọn, aláǹtakùn yìí ń fi ebi díẹ̀ ra ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ní ọdún 2001 kan náà ni ohùn mìíràn ti Ọsirélíà dé. Aláǹtakùn tí wọ́n ní lọ́hùn-ún ni Argiope keyserlingi. Tirẹ̀ máa ń ta òwú funfun náà ní ọ̀nà mẹ́rin, èyí ló fà á tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní aláǹtakùn àgbélébùú Áńdérù Mímọ́. Bruce, Herberstein àti Elgar rí i pé òwú funfun yìí ń fa kòkòrò wá sínú àwọ̀n, kì í lé wọn. Títí dé ibẹ̀, àtùpà ọjà ni. Wọ́n wá ṣe ojú ọ̀nà kékeré kan tó pín sí méjì níwájú. Ní ìparí ọ̀nà kan, àwọ̀n tó ní òwú funfun. Ní ìparí èkejì, àwọ̀n tí kò ní. Wọ́n tú ọ̀tá aláǹtakùn yìí sílẹ̀ ní ìdí ọ̀nà, wọ́n ní kó yan èyí tó bá wù ú. Ibi òwú funfun ló ń yà sí jù. Ohun tó ń mú oúnjẹ wá fún aláǹtakùn ni ẹni tó ń bọ̀ wá fi í ṣe oúnjẹ ń tọ̀ wá.

Èmi ò rò pé apá kankan nínú wọn parọ́. Agbọ́n Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀tá kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Ọsirélíà, aláǹtakùn wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí àwọ̀n wọn pàápàá lè yàtọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nínú irú àríyànjiyàn báyìí ni bí oníkálukú ṣe fẹ́ kí tòun jẹ́ òfin fún gbogbo aláǹtakùn ayé.

Ọ̀tá tí mò ń sọ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni kòkòrò gbọọrọ, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ igi gbígbẹ, tó máa ń wá bà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù lálẹ́, tó ká apá iwájú méjèèjì mọ́yà bí ẹni ń gbàdúrà, tó sì lè yí orí padà wo ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí kòkòrò yí ọrùn báyẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń ba àwọn ọmọdé. Máńtíìsì ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ẹ̀yà rẹ̀ sì lé ní 2,000 káyé. Bẹ́ ẹ bá mú ọ̀kan tó ti kú, kí ẹ na apá tó ká yẹn jáde, ẹ ó rí ẹ̀gún ní ìlà méjì lábẹ́ itan apá náà, ẹ ó rí òmíràn lára oríkèé tó ń padé dé mọ́ ọn. Ohun tó bá bọ́ sí àárín méjèèjì ti há. Nínà apá yẹn àti gbígbá ohun tó fẹ́ mú kì í pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà ẹni tó bá ṣẹ́jú nígbà náà kò ní rí i. Kì í pa ẹran kó tó jẹ ẹ́. Ibi tí ẹnu bá ti kọ́kọ́ kàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jenny Read àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìda oyin lẹ awò ojú kékeré mọ́ máńtíìsì lórí, ojú kan aláwọ̀ búlúù, ojú kejì aláwọ̀ ewé, wọ́n sì gbé e síwájú kọ̀ǹpútà. Àwòrán kòkòrò tí wọ́n fi hàn án jìnnà sí i díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó o. Ṣùgbọ́n nínú awò náà, àwòrán yẹn dà bí èyí tó jáde wá síwájú rẹ̀ gan-an. Máńtíìsì náà na apá, ó gbá afẹ́fẹ́ mú. Ní 2016 ni wọ́n gbé ìwé lórí rẹ̀ jáde, ìyẹn sì jẹ́rìí sí i pé ojú rẹ̀ méjèèjì jọ ń ṣírò bí nǹkan ṣe jìnnà tó, gẹ́gẹ́ bí tiwa.

Ti aláǹtakùn alàwọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ríran tó nǹkan. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ ìròyìn. Bí òwú bá mì, ó mọ ibi tó ti mì, ó mọ bó ṣe wúwo tó, ó ń fi ìyẹn mọ̀ bóyá ewé ló já bọ́ tàbí ẹran. Ibi tí ewu wà fún un nìyí: máńtíìsì tó dúró lórí igi koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n kò tíì fọwọ́ kan òwú kankan. Kò sí ìròyìn. Máńtíìsì lè dúró síbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, kó máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́, títí aláǹtakùn yóò fi sún sí ibi tí apá lè tó. Bí aláǹtakùn bá tètè fura, ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó lè mi àwọ̀n tagbára tagbára débi pé ojú ọ̀tá kò ní rí i gún régé mọ́. Ó lè gba ojú àwọ̀n kan bọ́ sí òdìkejì. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, á jọ̀wọ́ ara rẹ̀, á já bọ́ sínú koríko nísàlẹ̀, á wá gun òwú rẹ̀ padà nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀.

Àwọn aláǹtakùn mìíràn gba ọ̀nà míì. Malcolm Edmunds, tó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Gánà ní Legon, kọ̀wé ní 1978 lórí aláǹtakùn Myrmarachne, tí kì í ta àwọ̀n, tó sì jọ eèrà débi pé ẹni tó ń wò ó á ṣìnà. Ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ iwájú méjì ni ó máa ń gbé sókè tí yóò sì máa jù ú bí ìwo tí eèrà fi ń tọ́ nǹkan wò. Ọ̀kan nínú wọn ń bá eèrà pupa tó ń gán ewé pọ̀ kọ́lé sórí igi máńgòrò àti igi kòkó gbé. Ẹni tó bá ti gun igi máńgòrò lọ́mọdé mọ ìdí tí kò fi sí ẹranko tó fẹ́ bá eèrà yẹn ṣeré. Ní 2006, Ximena Nelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú máńtíìsì tí kò rí eèrà rí láti ìgbà tó ti jáde nínú ẹyin. Wọ́n gbé eèrà síwájú rẹ̀, ó yẹra. Wọ́n gbé aláǹtakùn tó jọ eèrà síwájú rẹ̀, ó yẹra. Nǹkan tí kò jọ eèrà, ó nawọ́ mú un. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ; bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn máńtíìsì kan fúnra wọn, nígbà tí wọ́n ṣì kéré, máa ń dúdú, wọ́n sì máa ń rìn bí eèrà, kí aláǹtakùn àti àwọn yòókù má baà jẹ wọ́n. Ọ̀tá méjì jọ ń fi aṣọ ẹnì kan náà bora.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé máńtíìsì ló ń borí nígbà gbogbo. Àwọn fídíò tó ń kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń ju méjèèjì sínú ìgò kan, ló ń mú kí èèyàn rò bẹ́ẹ̀. Inú ìgò kò sí àwọ̀n. Lóko, akọ máńtíìsì fúyẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ gùn, alẹ́ ló sì sábà máa ń fò kiri láti wá abo. Etí kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ máńtíìsì tó ní etí ń lò, ó wà lábẹ́ àyà láàárín ẹsẹ̀. David Yager àti Ronald Hoy ló fi èyí hàn ní 1986. Etí náà ń gbọ́ igbe àdán tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́. Bí àdán bá ti sún mọ́ ọn, máńtíìsì á ṣẹ́ kọ́nà lójú òfurufú, á já wálẹ̀. Ó lè gbọ́ àdán. Kò lè gbọ́ àwọ̀n. Bó bá fi ìyẹ́ kó wọ òwú, ipò ti yí padà. Àgbà tó ní bí aláǹtakùn yóò bá bá ọ jà, a ta ká ọ lára, fi ojú rí i kó tó sọ ọ́. Argiope kì í kọ́kọ́ sún mọ́ ẹran tó ní ẹ̀gún lọ́wọ́. Á yí ìdí sí i, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa fa òwú jáde ní fífẹ̀ bí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, á máa jù ú lé e, á máa yí ẹran náà, apá tó lágbára yẹn á dì mọ́ àyà láìtíì nà án lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí kò bá lè mira mọ́ ni yóò tó wá bù ú jẹ.

Yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti pàdé, ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí máńtíìsì ilẹ̀ Ṣáínà, Tenodera sinensis, ti di ará ilé. Ní 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i nítòsí Philadelphia. Abo rẹ̀ tó dàgbà lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ó máa ń yé ẹyin sínú ìfófòó kan tó ń gan lára ẹ̀ka igi, òtútù á kọjá lórí rẹ̀, nígbà tí oòrùn bá padà dé, ọ̀pọ̀ ọmọ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Nígbà yẹn, aláǹtakùn tó ń sá kiri ilẹ̀ ṣọdẹ, èyí tí kì í ta àwọ̀n, ti wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ti tóbi. Oúnjẹ dé. Ṣùgbọ́n èyí tó bá yè bọ́ nínú àwọn ọmọ máńtíìsì náà á máa bọ́ awọ, á máa ga, tó bá fi máa di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aláǹtakùn tó ń lé e jẹ níjọ́sí ti di ohun tó lè gbé jẹ.

Abo máńtíìsì kì í sábà ṣọ́ ẹyin yẹn. Á yé e, á sì lọ. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín a ní Tarachodes afzelii, tí abo rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹyin ṣọ́ ọ. J. C. Ene kọ̀wé lórí máńtíìsì yìí ní 1964. 

Ká padà sí Amẹ́ríkà. Lawrence Hurd àti Matthew Moran lọ fi ìjà ọmọ máńtíìsì ilẹ̀ Ṣáínà àti aláǹtakùn yẹn dánra wò ní pápá koríko kan ní Delaware. Wọ́n kó ọmọ máńtíìsì kún àwọn abala ilẹ̀ kan ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì fi àwọn ilẹ̀ kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn aláǹtakùn tó ń rìn nílẹ̀ dín kù níbi tí máńtíìsì ti pọ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú ìwé wọn ti 1994 ni pé kì í ṣe jíjẹ ni wọ́n jẹ wọ́n tán. Ńṣe ni aláǹtakùn ń kó ẹrù kúrò. Wọ́n ń kọjá ààlà ilẹ̀ náà bọ́ sí ibòmíràn. Máńtíìsì kò ì tíì dàgbà, kò sì ì tíì pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ àdúgbò ti sú wọn.

Ẹ̀tàn kan wà tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ẹyin. Kòkòrò kan wà tó ní apá ẹlẹ́gùn-ún bíi ti máńtíìsì gẹ́lẹ́, ó sì ká a mọ́yà bákan náà, ṣùgbọ́n kò bá máńtíìsì tan rárá. Mantispidae ni ìdílé rẹ̀. Ìdin rẹ̀ tín-ín-rín máa ń wọ ọkọ̀ lára aláǹtakùn, á lẹ̀ mọ́ ìbàdí rẹ̀, á máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ akọ ló gùn, á dúró di ọjọ́ tí akọ bá bá abo lò pọ̀, á sì kọjá sára abo. Nígbà tí abo bá ń ta òwú yí ẹyin rẹ̀ ká, ìdin náà á yọ́ wọlé kó tó tì í. Ẹyin yẹn ló máa jẹ dàgbà. Kurt Redborg àti Ellis MacLeod ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀ ní kíkún ní 1985. Nínú gbogbo ìtàn ìjà yìí, èyí ló burú jù lójú mi, ó sì jẹ́ pé ẹni tó ń jẹ ẹyin náà kì í ṣe máńtíìsì tí orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́.

Síbẹ̀, àwọn tó ń dáko ẹ̀fọ́ àti òdòdó ní Amẹ́ríkà ń ra àpò ẹyin máńtíìsì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀ka igi nínú ọgbà wọn, pẹ̀lú ìrètí pé yóò bá wọn jẹ kòkòrò tó ń ba ewé jẹ́. Máńtíìsì kò ka ìwé àdéhùn kankan. Ohun tó bá mira tí apá rẹ̀ lè ká ni yóò mú: labalábá, kòkòrò oyin, àbúrò tirẹ̀ pàápàá. Ní 2017, Martin Nyffeler, Michael Maxwell àti Van Remsen kó ìròyìn 147 jọ láti orílẹ̀-èdè 13, níbi tí máńtíìsì ti mú ẹyẹ jẹ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ sì wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ẹyẹ tíńtín tó ń mu omi òdòdó ti ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ọdún 2017 kan náà, Nyffeler àti Klaus Birkhofer ṣírò pé aláǹtakùn gbogbo ayé ń jẹ tó mílíọ̀nù 400 sí mílíọ̀nù 800 tọ́ọ̀nù ẹran lọ́dọọdún, kòkòrò ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àpò ẹyin máńtíìsì wá sí ọgbà mi, màá kọ́kọ́ bi í léèrè iye aláǹtakùn tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó dé.